Ọgbọ́n Inú Ẹ̀fẹ̀: Láti Ilẹ̀ Amẹ́ríkà Dé Baga Road

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀ràn tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi í rín. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe iyè méjì sí òwe yìí, kí ó gbéra, kí ó wá sí ìlú Màídúgùrì tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Borno, kí ó sì rin òpópónà tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Baga Road láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ojú rẹ̀ yóò rí ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ni yóò jẹ àsè jù.

Òpópónà yìí ni a ń tọ̀ bí a bá ń lọ sí ìlú Baga ní etí adágún Chad, òun náà ni ó sì fún ọjà ẹja ibẹ̀ ní orúkọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò ti ń kó ẹja yíyan àti ẹja gbígbẹ láti etí adágún wá síbẹ̀, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sì ń gbé wọn lọ sí apá gúúsù orílẹ̀-èdè yìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹja tí ìyá kan fi se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rí ní Ìbàdàn tàbí ní Oǹdó ti gba ibẹ̀ kọjá kí ó tó dé inú ìkòkò rẹ̀. Ní irú ọjà bẹ́ẹ̀, èdè kan ṣoṣo kò lè tó. Kanuri ń sọ tirẹ̀, Hausa ń sọ tirẹ̀, Shuwa ń fi èdè Lárúbáwá dúnàá-dúrà. Margi àti Bura wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, àwa ọmọ Yorùbá náà kò sì gbẹ́yìn.

Kì í ṣe pé ayé dẹrùn fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Adágún Chad tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóròó ní ọdún 1963 ti fà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1980, ohun tí ó kù nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Màídúgùrì ní ọdún 2009. Ìlú Baga fúnra rẹ̀ rí ìkọlù ńlá ní oṣù kẹrin ọdún 2013 àti ní oṣù kìíní ọdún 2015. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, òwò ẹja sì dojú rú. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ògiri tí ó sé omi Alau ya, omi sì bo apá púpọ̀ nínú ìlú. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹni tí ó bá dúró ní ọjà yìí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré yóò gbọ́ ẹ̀rín.

Ẹ̀fẹ̀ Tí Ó Rọ́pò Ìjà

Àlejò tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè rò pé ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Kanuri àti Fúlàní bá pàdé ní ìdí ọjà. Èyí á pe ti ọ̀hún ní ẹrú rẹ̀. Ti ọ̀hún á ní irọ́ ni, òun gan-an ni olówó rẹ̀, á sì bèèrè ìdí tí ẹrú òun kò fi tíì wá kí òun láti àárọ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò bọ ara wọn lọ́wọ́, wọn yóò sì bèèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ. Àwọn Hausa ń pe irú àṣà yìí ní wasa, èyí tí ó túmọ̀ sí eré. Ó sì wà láàrin ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà àti ìlú ní apá àríwá.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yóò mọ̀ pé eré yìí kì í ṣe eré kékeré. Ní ọdún 1808, àwọn jagunjagun Fúlàní kó Ngazargamu tí í ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Borno àtijọ́. Muhammad al-Kanemi ni ó dìde láti dáàbò bo Borno, òun àti Muhammad Bello ti Sókótó sì kọ lẹ́tà sí ara wọn, tí olúkúlùkù ń fi ìwé mímọ́ gbe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ ọmọ ẹni tí wọ́n jọ gbé ọ̀kọ̀ sí ara wọn nígbà náà ni wọ́n jọ ń gbé èébú àwàdà sí ara wọn lónìí. Bí ènìyàn bá ti bú ẹnìkejì rẹ̀ tí ó sì ti rẹ́rìn-ín sí i, ó ṣòro kí ó tún yọ ọ̀bẹ sí i.

Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Ègbádò, alẹ́ ọjọ́ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá ku ọ̀la ni ẹ̀fẹ̀ ń jáde láti wí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè wí lójú ọ̀sán. Ẹ̀fẹ̀ á bá olówó wí, á bá ìjòyè wí, á bá ọkọ tí ó ń lu aya wí, kò sì sí ẹni tí yóò mú un. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn ni a máa ń dá ẹnu sílẹ̀ fún ènìyàn láti sọ ohun tí ó bá wù ú. Àwọn baba wa mọ̀ pé òótọ́ korò, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ẹ̀rín bò ó kí ó lè ṣeé gbé mì.

Kókó ọ̀rọ̀ wa lónìí nìyí. Ohun tí aláwàdà ń tà fún wa ju ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ. Òótọ́ nípa ìwà ọmọ ènìyàn ni, òótọ́ yìí sì ni ó máa ń rékọjá ààlà èdè. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀rín rọ̀ wá lọ́rùn, a máa ń gbàgbé pé iṣẹ́ ni, a sì máa ń jẹ aláwàdà ní gbèsè. Ẹ jẹ́ kí a fi ìgbésí ayé ènìyàn méjì wo ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èkejì láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Atukọ̀ Tí Ó Di Ọ̀gá Àwọn Aláwàdà

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ni Samuel Langhorne Clemens. A bí i ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1835 ní ìpínlẹ̀ Missouri. Baba rẹ̀ kú ní ọdún 1847 nígbà tí ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjìlá, ó sì di ọmọ-iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ iṣẹ́ atukọ̀ lórí odò Mississippi, ó sì gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1859. Nígbà tí ó di ọdún 1863 tí ó ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn kan ní Nevada, ó fi Mark Twain ṣe orúkọ ara rẹ̀. Igbe àwọn atukọ̀ ni orúkọ náà. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé omi jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ọkọ̀ lè kọjá láìfarapa. Ẹni tí ó bá ka ìwé rẹ̀ yóò gbà pé orúkọ náà rò ó, nítorí omi inú ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ jìn ju bí ojú ti ń rí i lọ.

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ tí Mark Twain lò ni pé ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọdún 1897 tí ó wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, òkìkí kàn ní Amẹ́ríkà pé àìsàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ó ti kú. Nígbà tí oníròyìn wá wádìí lọ́wọ́ rẹ̀, kò bínú rárá. Ohun tí ó fi dá a lóhùn ni pé àwọn tí ó gbé ìròyìn ikú òun ti bù mọ́ ọn jù. Ẹni tí ó bá lè rẹ́rìn-ín sí ikú ara rẹ̀, ta ni ó kù tí yóò bẹ̀rù láti bá wí?

Ọgbọ́n rẹ̀ kejì ni ó sì ga jù. Nínú ìwé rẹ̀ lórí Huckleberry Finn, tí ó jáde ní ọdún 1884, ó gbé ìtàn kalẹ̀ nípa ọmọdékùnrin kan tí kò ní ẹ̀kọ́, tí ó ń bá ẹrú kan sá lọ lórí odò. Gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ ọmọ yìí ni pé ẹni tí ó bá ran ẹrú lọ́wọ́ láti sá, olè ni, ọ̀run àpáàdì sì ni yóò lọ. Ọmọ náà rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó sì pinnu pé òun yóò kúkú lọ sí ọ̀run àpáàdì. Òǹkàwé á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí àìmọ̀kan ọmọ náà; lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín á gbẹ lẹ́nu rẹ̀, nítorí yóò rí i pé ọmọ náà kò ṣìnà, òfin ìlú àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ ni ó ṣìnà. Ìwàásù ọgọ́rùn-ún kò lè ṣe ohun tí ojú ewé kan yìí ṣe.

Kò mọ sí ọ̀ràn ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan. Ní ọdún 1905, nígbà tí Leopold ọba Belgium ń fi ìyà jẹ àwọn ará Congo nítorí rọ́bà, Mark Twain kọ ìwé kékeré kan nínú èyí tí ó jẹ́ kí ọba náà máa fi ẹnu ara rẹ̀ gbèjà ara rẹ̀. Bí ọba ti ń gbèjà ara rẹ̀ tó ni àṣírí rẹ̀ ń tú tó. Àwa ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kò gbọdọ̀ gbàgbé pé aláwàdà yìí gba ọ̀rọ̀ wa sọ nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn pàtàkì dákẹ́.

Ọ̀pọ̀lọ́ Tí A Fún Ní Ọta Jẹ

Ìtàn tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí ni ti ọkùnrin kan tí ó ní ọ̀pọ̀lọ́, èyí tí ó kọ́ ní fífò. Kò sí ọ̀pọ̀lọ́ tí ó lè fò tó o ní gbogbo àgbègbè náà, ọkùnrin yìí a sì máa fi ta tẹ́tẹ́. Ní ọjọ́ kan ni àjèjì kan wá. Nígbà tí olówó ọ̀pọ̀lọ́ lọ wá ọ̀pọ̀lọ́ mìíràn fún un, àjèjì da ọta ìbọn kéékèèké sí ọ̀pọ̀lọ́ náà lẹ́nu títí ó fi yó. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ àgbà mí gúlegúle, kò lè gbéra nílẹ̀. Àjèjì gba owó, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọdún 1865 ni ìtàn yìí jáde.

Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ ní ìdí pàtàkì láti fẹ́ràn ìtàn náà. Ní ọdún 1872, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé, ẹ̀rín inú rẹ̀ sì pòórá. Kí ni Mark Twain ṣe? Ní ọdún 1875 ó mú ìtumọ̀ náà, ó dá a padà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ó ti wà gẹ́lẹ́, ó sì tẹ gbogbo rẹ̀ jáde kí ayé lè rí bí wọ́n ti pa ọ̀pọ̀lọ́ òun lẹ́ẹ̀kejì. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ èdè Jámánì, ó sì kọ àròkọ apanilẹ́rìn-ín lórí ìyà tí èdè náà fi jẹ ẹ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ hàn gbangba: ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ẹ̀fẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, òkú ni yóò gbé dé òdìkejì odò.

Èmi tí mò ń kọ àpilẹ̀kọ yìí pinnu láti dán ọ̀rọ̀ náà wò ní Baga Road. Mo jókòó ti àwọn oníṣòwò ẹja mélòó kan ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọjà kò yá, mo sì fi èdè Hausa tí kò dán mọ́rán sọ ìtàn ọ̀pọ̀lọ́ náà fún wọn. Gbogbo ẹwà èdè Mark Twain ni ó bọ́ sọnù lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí àjèjì ti ń da ọta sí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́nu, àwọn kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. Alhaji kan tí ó ti dàgbà nínú òwò náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó ní, “Bàyárábè, ọkùnrin yẹn kì í ṣe oníṣòwò. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, a máa ń gbé ọjà wò kí a tó fi owó lélẹ̀.” Ní ìgbà náà ni gbogbo ìsọ̀ ya sí ẹ̀rín, èmi náà kò sì lè mú un mọ́ra.

Ẹ wò ó bí nǹkan ti rí! Àgbàlagbà yìí kò ka ìwé Mark Twain rí, kò sì mọ ibi tí Missouri wà. Ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń fi ìwọ̀n tan ènìyàn jẹ, ó sì mọ̀ pé ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ ọjà tí kò yẹ inú rẹ̀ wò ni yóò kábàámọ̀. Ọ̀rọ̀ kú sójú ọ̀nà, òótọ́ inú rẹ̀ wọlé láìsí ìwé ìrìnnà.

Bàbá Sàlà, Aláwàdà Ilẹ̀ Wa

Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ẹni tí a lè gbé ka iwájú Mark Twain tí ó yẹ ju Olóyè Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ lọ, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlà. A bí i ní ọdún 1936. Olórin ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Òun ni ó ni ẹgbẹ́ olórin Federal Rhythm Dandies, níbi tí Sunny Adé tí ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lẹ́yìn náà ti ta jìtá ní ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ó yí sí eré, ó dá ẹgbẹ́ Aláwàdà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ó sì di ẹni tí a ń rí lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní Ìbàdàn.

Bí Mark Twain, ara rẹ̀ ni òun náà fi ṣe ẹran ẹ̀fẹ̀. Awò ojú tí ó tóbi ju ojú lọ, táì labalábá tí ó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, àti aago ńlá orí tábìlì tí ó sọ di aago ara: gbogbo rẹ̀ ni ó fi ń sọ pé, “Ẹ wò mí, èmi ni òmùgọ̀ náà.” Ahun ni nínú eré, ó fẹ́ràn owó ju ara rẹ̀ lọ, ó sì máa ń rò pé òun gbọ́n ju gbogbo ènìyàn lọ títí tí ọgbọ́n náà yóò fi yí dà lé e lórí. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ẹnìkan ní àdúgbò rẹ̀ tí ó rí bẹ́ẹ̀? Ta ni kò tilẹ̀ rí díẹ̀ nínú rẹ̀ lára òun fúnra rẹ̀? Ẹni tí ó gbé aago ńlá kọ́ ara ń bá gbogbo àwa tí a fi olówó ṣe àwòkọ́ṣe láìmọ ìdí rẹ̀ wí. Ó ń bi wá pé: ṣé àkókò ni ẹ fẹ́ mọ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n rí yín pẹ̀lú aago?

Nítorí èyí ni ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kò ṣe nílò ògbufọ̀. Lónìí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wo eré. Ní ìsọ̀ kan ní Baga Road, mo rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n dorí kodò sí fóònù kan ṣoṣo, tí wọ́n ń wo eré Bàbá Sàlà àtijọ́ kan. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè Yorùbá nínú wọn. Wọ́n kò mọ ohun tí ó ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Nígbà tí ó wo aago rẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga, ọ̀kan nínú wọn pe orúkọ ẹnìkan tí wọ́n jọ mọ̀ ní ọjà, àwọn yòókù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ẹni tí wọ́n ń rí lójú fóònù náà ti di ará ilé wọn.

Ẹni Tí Ó Pa Wá Lẹ́rìn-ín Ni A Jà Lólè

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti korò ni a dé yìí. Ìgbésí ayé àwọn aláwàdà méjèèjì jọ ara wọn ní ọ̀nà kan tí kò pa ni lẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 1876, nígbà tí Mark Twain fẹ́ gbé ìwé rẹ̀ lórí Tom Sawyer jáde, àwọn atẹ̀wé kan ní Kánádà ti tẹ ẹ̀dà tiwọn láìgba àṣẹ, wọ́n sì ti ń tà á ní owó pọ́ọ́kú ní Amẹ́ríkà kí tirẹ̀ tó bọ́ sí ọjà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kó owó rẹpẹtẹ lé ẹ̀rọ kan tí yóò máa to lẹ́tà ìtẹ̀wé. Ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ rí. Ní ọdún 1894, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀ wọko gbèsè. Ẹni tí ó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún gbéra ní ọdún 1895, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó dé Ọsirélíà, ó dé Íńdíà, ó dé Gúúsù Áfíríkà, ó ń dúró lórí pèpéle lálaalẹ́ láti pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín kí ó lè rí owó san. Ní ọdún 1896, kí ó tó padà sílé, ọmọbìnrin rẹ̀ Susy kú ní ilé ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ ó san gbogbo gbèsè náà tán ní ọdún 1898, láìku ẹyọ kọ́bọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1906, ó wọ aṣọ funfun láti òkè délẹ̀ láàrin òtútù, ó lọ síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington láti bẹ̀bẹ̀ pé kí òfin jẹ́ kí iṣẹ́ òǹkọ̀wé máa bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1910.

Bàbá Sàlà ńkọ́? Ní ọdún 1982 ni ó gbé sinimá Ọ̀run Móoru jáde, tí Ọlá Balógun darí. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí àwọn gbájúẹ̀ fi owó òjijì tàn jẹ títí gbogbo ohun tí ó ní fi tán, tí ó sì wá ikú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ọ̀run, wọ́n ní àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Owó ńlá ni Bàbá Sàlà ná sí i. Ṣùgbọ́n àwọn olè dà á kọ sí orí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Ẹni tí ó yẹ kí ó wọ gbọ̀ngàn sinimá jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ bọ́ sínú gbèsè. Ẹni tí ó fi sinimá kìlọ̀ fún wa nípa gbájúẹ̀, gbájúẹ̀ náà ni ó jẹ ẹ́ run. Òun náà kò jókòó sunkún. Ó tún gbé Ààrẹ Àgbáyé jáde ní ọdún 1983, ó sì tún ṣe òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdánù náà dùn ún títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó jáde láyé ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018, ní ẹni ọdún 82.

A kò lè sọ pé òfin kò sí. Òfin ti wà ní ilẹ̀ yìí láti ọdún 1970 lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ sí iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀. Ìjọba tún ṣe òmíràn ní ọdún 1988, wọ́n sì buwọ́ lu òfin titun ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè dúró sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ìsọ̀. Ní àtijọ́, kásẹ́ẹ̀tì ni olè nílò. Lónìí, káàdì kékeré tí kò tó èékánná ni a ń mú lọ sí ìdí kọ̀ǹpútà kan ní òpópónà, ní àríwá àti ní gúúsù, tí a ó sì kó ogún sinimá sí i ní owó tí kò tó ra ẹja kan. Ẹni tí ó ṣe sinimá náà kò ní rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Bí ènìyàn bá jí ẹja kan ṣoṣo ní Baga Road, gbogbo ọjà ni yóò ké lé e, nítorí olúkúlùkù mọ ìyà tí apẹja jẹ kí ẹja náà tó dé orí àtẹ. Ẹ̀rín náà ní apẹja tirẹ̀. Ó ń jí ní òru, ó ń ronú, ó ń yá owó, ó ń fi ara rẹ̀ ṣe òmùgọ̀ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ kí àwa lè gbọ́n. Kò sí ìdí tí ẹja yóò fi ní olówó tí ẹ̀rín kò fi ní ní.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, nígbà tí aláwàdà bá tún pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ bi ara yín léèrè ohun méjì. Èkíní ni pé, òótọ́ wo ni ó ń bẹ lábẹ́ ẹ̀rín yìí, ṣé èmi kọ́ ni ó ń bá wí? Èkejì ni pé, owó ta ni mo fi rẹ́rìn-ín? Ẹni tí ó bá dáhùn èkíní láìdáhùn èkejì ti gba ọgbọ́n, ṣùgbọ́n kò san owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà kò sì ṣe wí pé ọ̀fẹ́ ni ọgbọ́n.